Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adébímpé àti Fọ́tò Físà

Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò tó máa wu àna rẹ̀, ọ̀dọ̀ Olúbọ̀dé ní Sápọ̀n ló ń lọ. Ọkùnrin náà ní pẹ́ńsùlù kékeré kan tó fi ń tún ojú ènìyàn ṣe lórí fíìmù kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ojú rẹ bá hunjọ, yóò tẹ́ ẹ. Bí o bá dúdú jù, yóò fọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí àgbàlagbà bá kú ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bá gbé fọ́tò tí Olúbọ̀dé yà síwájú òkú, àwọn àlejò a máa bèèrè pé ta gan-an ni àwọn wá sin.

Nítorí náà, nígbà tí Adébímpé fẹ́ gba físà, Olúbọ̀dé náà ló lọ bá. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà yẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan pé kí àwa náà gba físà kí a tó wọ ìlú wọn. Opó ni Adébímpé, ní Ìgbẹ̀ìn, òun ló sì ń rán ẹ̀wù àwọn akọrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀. Péjú, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, ti bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà kò tíì fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí òun wẹ ọmọ náà kó tó di ẹni tó ń sá fún omi.

Fọ́tò àkọ́kọ́ dára títí ó fi ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Akọ̀wé ọ́fíìsì físà ní Èkó wo fọ́tò, ó wo Adébímpé, ó ní ìyá ni àwọn ń dúró dè, kì í ṣe ọmọ. Pẹ́ńsùlù Olúbọ̀dé ti dá a padà sí ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì ti pa ilà ojú rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Akọ̀wé dá ọjọ́ mìíràn fún un, ó ní kó mú ojú rẹ̀ wá bó ṣe rí, láìsí gèlè, kí etí méjèèjì wà níta.

“Olúbọ̀dé, má tún mi ṣe mọ́,” ni Adébímpé wí. “Bí Ọlọ́run ṣe ṣe mí ni kí o yà mí.”

Olúbọ̀dé fọwọ́ lérán. Ó ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè ba òun lórúkọ jẹ́. Nígbà tó gbà, ó bẹ màmá pé kí wọ́n ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló yà á.

Ó ku ọ̀la tí yóò lọ jókòó fún fọ́tò tuntun náà, ni eyín kan bá dìde sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wú bíi ti ẹni tó sọ àkàrà sẹ́nu tí kò rí àyè gbé e mì. Adébímpé gbàdúrà. Ó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó tún gbàdúrà. Ilẹ̀ mọ́, ti àná kéré sí i. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti àná, tí kò gbúròó ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Àárọ̀ yẹn ni Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, gbé gàrí tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí Péjú dé láti Odeda. Àwọn méjèèjì jọra débi pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, òwú ni ìyá wọn so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀kan kó lè dá wọn mọ̀. Òwú náà já lọ́jọ́ ìwẹ̀ kan. Ìyá wọn ní òun mọ ẹni tó já lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò búra.

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Lẹ́yìn náà ó ní òun ni òun yóò lọ jókòó fún fọ́tò. Adébímpé ní irọ́ nìyẹn.

“Irọ́ báwo? Kí ló wà lójú rẹ tí kò sí lójú mi? Èmi ni mo rán ọ wáyé, Táyé. Èmi náà ni n ó rán ọ dé Lọ́ńdọ̀nù.”

Adébímpé rántí ọmọ tí a kò tíì wẹ̀ àti ọjọ́ Èkó tó ti sún mọ́lé, ó sì bá Kẹ́hìndé tú gèlè. Olúbọ̀dé ya Kẹ́hìndé láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un bó ṣe ń wo gbogbo ìhunjọ yẹn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù.

Nígbà tí ọjọ́ Èkó yóò fi pé, ìwúlé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adébímpé ti lọ pátápátá. Kẹ́hìndé tí yóò sìn ín lọ ló jáde sí i tòun ti ìborùn tó so yí àgbọ̀n ká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tirẹ̀ ti wú. Àwọn àgbà a máa sọ pé ìbejì ń pín àìsàn bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀wà, Adébímpé a sì máa bá wọn jiyàn pé ọ̀rọ̀ aláìgbàgbọ́ ni. Lọ́jọ́ yìí, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Akọ̀wé tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì, ó bèèrè lọ́wọ́ Adébímpé bóyá ojú rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Adébímpé ṣì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ pé irọ́ kékeré kò sí. Ó ń fojú inú rí bí ọmọ Péjú ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ.

“Rárá,” ló wí. “Ìkejì mi ni. Ìbejì ni wá. Òun ló wà níta yẹn.”

Akọ̀wé ní kí wọ́n pè é wọlé. Kẹ́hìndé tú ìborùn. Akọ̀wé wo fọ́tò, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó tún wo fọ́tò.

“Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló máa rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, tó máa ní òun ló wà nínú fọ́tò yìí?”

“Òótọ́ ni mò ń sọ, ọmọ mi.”

Akọ̀wé kọjú sí Kẹ́hìndé. Ẹnu Kẹ́hìndé kò ṣe é là. Bó ṣe fẹ́ jẹ́rìí, “ùn-ún, ùn-ún” nìkan ló ń jáde.

“Wọ́n ní àwọn kọ́,” ni akọ̀wé wí, ó sì lu òǹtẹ̀ físà sínú ìwé ìrìnnà Adébímpé.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Adébímpé ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé. Ó ti bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun gbé ìwúlé náà kúrò. Kò sọ ibi tí kó gbé e sí. Ó ń rò ó bóyá gbogbo àdúrà òun tó ti gbà láti kékeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló ń rù ú.

Kẹ́hìndé fi ìgúnpá gbá a. Láàárín eyín ló ti ń sọ̀rọ̀ báyìí.

“Bá mi gbàdúrà tí o bá dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n sọ àdírẹ́sì dáadáa.”

Adébímpé ní kí awakọ̀ já àwọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní Ìbàrà ná. Ó ní àdúrà tó kù, orí ìlà àwọn aláìsàn níbẹ̀ ni òun yóò ti gbà á.