Orin Tí À Ń Fọn Jẹ́ẹ́ ní Ìsọlọ̀

Mo rántí ìgbà tí òórùn òwú àti òórùn òróró ẹ̀rọ kì í kúrò lára mi, bó ti wù kí n fi kànìnkànìn ha ara tó. Iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Owó epo ń wọ̀lú, gbogbo ayé ń rọ́ wá sí Èkó, èmi náà sì bá wọn rọ́ wá láti Ìkirun, pẹ̀lú àpótí aṣọ kan àti ìgbéraga tí àpótí náà ò lè gbà. Mo gba yàrá kan nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Ògiri tín-ínrín kan ló wà láàárín èmi àti ẹni tó ń gbé yàrá kejì, ẹni náà ló sì wá di ọ̀gá mi.

Fèrè ni iṣẹ́ ọ̀gá, fèrè ńlá aláwọ̀ idẹ tí wọ́n ń pè ní sakisofóònù. Ẹ̀gbá ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti fọn fèrè fún àwọn ọlọ́pàá, ó ti fọn ọ́n fún àwọn olórin háílàìfù, kó tó wá fi gbogbo wọn sílẹ̀ nítorí àwo kan ṣoṣo. Àbúrò rẹ̀ tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ ló mú àwo náà bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Orin jáàsì ni. Kò sí ohùn ènìyàn nínú rẹ̀, àfi fèrè, dùùrù àti ìlù tó ń rìn lábẹ́ wọn. Wọ́n ya àwòrán ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fọn fèrè náà sára páálí àwo: ó dijú, ó fajúro. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyìí, ó ti rí nǹkan láyé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa pé bóyá èémí lásán ni ọkùnrin náà ń wá.

Orí giramafóònù àlòkù kan ni a ti ń gbọ́ àwo yìí. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún ọ̀gá ti gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi dípò bẹ́líìtì inú rẹ̀ tó ti já. Ọ̀gá ò sì jẹ́ kí àwo mìíràn kan ẹ̀rọ náà. Àwọn ará ilé á mú àwo jùjú wọn wá, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ títí, á ní rárá o, abẹ́rẹ́ òun ò ní kú sídìí orin àríyá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé orin kan náà là ń gbọ́. Orin náà lọ́ra, ó wúwo, ó dà bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ọ̀gá kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀, ó sì fi kọ́ mi nígbà tó rí i pé mi ò yéé dúró lẹ́nu ọ̀nà òun. Bí mo bá ti fẹ́ máa sáré, á gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, á ní kí n jẹ́ kí orin mí. Ká má parọ́, mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà tán lójú ara mi. Mo ra fìlà tó jọ ti ọkùnrin inú páálí, mo ń dé e lọ síbi iṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi tó dé.

Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ obìnrin kan lẹ́yìn tí wọ́n ti wojú Ọlọ́run fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aránṣọ ni ìyàwó ọ̀gá, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, ó kú. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa: òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn àgbà ilé ló gbé e lọ. Wọ́n padà dé, wọ́n fọwọ́ fọsẹ̀, wọ́n ò sọ ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n pe tọkọtaya náà jókòó, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe sunkún jù, kí ẹkún má baà dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Omi ló dànù, wọ́n ní, akèrègbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ rere ni, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyàwó ọ̀gá nu ojú rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fèrè, ó fọn orin inú àwo yẹn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í fọn ọ́n. Gbogbo ilé mọ ohun tó ń ṣe, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Wọ́n ní kó má sunkún, wọn ò ní kó má fọn fèrè. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ ìránṣọ inú yàrá á dákẹ́, a ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ títí orin á fi tán.

Ọdún yẹn gan-an ni ilé ìtura tuntun ń hù bí olú lọ́nà pápákọ̀ òfurufú. Èmi ni mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣógúnlé ń wá ẹni tó lè fọn jáàsì fún àwọn àlejò. Wọ́n ní kò sí ijó níbẹ̀, pé ènìyàn á jókòó ni, á sì gbọ́. Mo yọ ọ̀gá lẹ́nu títí ó fi gbà. A lọ ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀gá wọ kóòtù, mo ru fèrè tẹ̀lé e.

Olórí àwọn olórin ibẹ̀, ẹni tó ń tẹ dùùrù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni. Onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá. Nígbà tí ọ̀gá sọ orin tó fẹ́ fọn, inú ọkùnrin náà dùn, ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó gbá ọwọ́ lé dùùrù, ó di eré! Kí ọ̀gá tó gbé fèrè dé ẹnu, orin ti lọ jìnnà. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, bákan náà ló rí. Ohùn tiwa ò tilẹ̀ bá tirẹ̀ mu rárá. Ọkùnrin náà wá ní kí ọ̀gá fọn ọ́n bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá fọn ọ́n. Ọkùnrin náà tẹríba, ó gbọ́ ọ dópin, ó sì béèrè ibi tí ọ̀gá ti kọ́ ọ. Ọ̀gá ní inú àwo ni. Ló bá dìde, ó wá irú àwo kan náà jáde láàárín tirẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ wọn. Háà, orin náà ń sáré, ó ń fò, inú rẹ̀ ń dùn. Ọkùnrin náà rọra sọ ọ́ pé ó jọ pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ wa ti dẹ̀, tí àwo ò fi lè yí kánkán tó.

"Orin ìgbéyàwó ni, Bàbá," ó ní. "Wọ́n máa ń jó sí i ni."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Èmi tí iṣẹ́ mi ò ju kí n máa tẹ́tí sí bẹ́líìtì lọ! Bí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan bá fà sẹ́yìn díẹ̀ láàárín gbogbo ariwo iléeṣẹ́ wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ń délé lójoojúmọ́, mo ń jókòó ti giramafóònù tó ń wọ́sẹ̀, mo ń pè é ní ìbànújẹ́ àwọn Amẹ́ríkà.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. A ń kọjá ojú irin ní Òṣòdì nígbà tí ọ̀gá yíjú sí mi.

"Orin ijó ni mo fi ń sunkún ọmọ mi," ó ní. "Mo ti jó lórí òkú ọmọ mi."

Nígbà tí a délé, ó ti fèrè mọ́ inú àpótí rẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ fún onílé wa pé òun ti ṣe èèwọ̀, pé bóyá ìdí nìyẹn tí ìyàwó òun ò fi tíì lóyún mìíràn. Onílé rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò gbọ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, kóòtù ọjọ́ Sátidé yẹn sì ti ń tóbi jù ú lọ. Èmi ọlọgbọ́n ayé tún lọ bá a pé kó má bínú, kí a kúkú kọ́ èyí tó tọ̀nà, tó ń sáré. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ inú yàrá ò dákẹ́ mọ́. Ó ń lọ ràì, ó ń lọ ràì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n gbé wá fún un láti rán ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ń fọ aṣọ níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀rọ náà dúró. Ìyàwó ọ̀gá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ọ̀gá jókòó sí, tòun ti àpótí fèrè. Ó ṣí i, ó fi ìgbátí aṣọ rẹ̀ nu fèrè náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Èmi ò mọ ẹni tó kọ orin yẹn, mi ò sì bi yín léèrè ohun tó fi kọ ọ́," ó ní. "Wọn ò jẹ́ kí n sunkún. Wọn ò fi ojú oórì ọmọ mi hàn mí. Inú fèrè yín yìí ni mo ti máa ń lọ bá a. Ṣé ẹ fẹ́ ti ibẹ̀ náà mọ́ mi ni?"

Ọ̀gá bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó sunkún lójú gbogbo ayé, àwọn àgbà ilé tó ti ní kó má sunkún sì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó dá a lẹ́kun nínú wọn. Nígbà tó tán lára rẹ̀, ó gbé fèrè sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ha, ó já, ó tún un mú. Ó fọn ọ́n bí a ti mọ̀ ọ́n, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dijú. Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi, mo kàn dúró ni.

Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò gbé fèrè kọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Èmi lọ bá ọkùnrin onídùùrù yẹn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo kọ́ orin náà bó ṣe ń sáré, mo sì mọ̀ ọ́n fọn dáadáa. Mo gbé ìyàwó, mo bímọ. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tí orin kan lè kọ́ ènìyàn.

Ó wá kan èmi náà. Àwọn àgbà gbé ọmọ wa ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n padà dé, wọ́n fọwọ́ fọsẹ̀, mi ò sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé fèrè jáde, ìyàwó mi jókòó tì mí. Àtìgbà náà títí di òní, bí àwọn ọmọ ìwòyí bá gbọ́ orin ọ̀gá lẹ́nu mi, wọ́n á wá orin náà jáde nínú fóònù wọn, wọ́n á ní, Bàbá, orin yìí yá ju báyìí lọ. Mo mọ̀. Jẹ́ẹ́ ni mo ń fọn ọ́n, torí ọmọ kékeré ni, kò lè yára rìn.