Omi Aró Nínú Gọ́tà Ìjọba

Òórùn aró ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìpè àdúrà tó dún láti Sábó. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá rẹ kàm̀páálà láyé ìgbà náà kò ní bi mí léèrè irú òórùn tí mò ń sọ. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, sódà inú rẹ̀ sì máa ń ta sí ènìyàn nímú títí omi yóò fi lé ròrò sójú. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn náà, mo mọ̀ pé màmá mi wà lẹ́yìnkùlé, pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Bàbá wa ń ṣe tíṣà ní ìlú Ọ̀yọ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni a máa ń rí wọn. Aró ni màmá fi ń bọ́ wa. Ohun tó le nínú iṣẹ́ náà ni ibi tí wọn yóò da omi rẹ̀ sí bí wọ́n bá ti rẹ aṣọ tán. Kí òjò ọdún tí mò ń sọ yìí tó bẹ̀rẹ̀, wolé-wolé ti ya gbogbo ojúlé àdúgbò wa. Ọkùnrin gíga kan ni, tó ń wọ kakí, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní omi òjò àti omi ìwẹ̀ nìkan ni kó máa gba gọ́tà ìjọba. Omi aró, sódà, epo mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ ẹran, èèwọ̀ ni, nítorí pé inú odò ni gọ́tà náà ń ṣàn lọ, àwọn kan sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pọn odò náà mu.

Aláró kan ní òpópónà kejì sí wa kò gbọ́. Ojú wa ni wọ́n ṣe fọ́ ìkòkò aró rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù wolé-wolé yẹn ti ń bà mí ju ẹ̀rù òkú lọ. Bí mo bá wà ní kíláàsì, tí ẹnì kan sì kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já. Mo máa ń rò pé wọ́n wá sọ fún mi pé wọ́n ti mú màmá mi náà lọ ni.

Màmá gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń da omi aró sí. Nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra, kòtò kún, ilẹ̀ kò fa omi mọ́. Wọ́n bá ń rọ ọ́ sínú àgbá, àgbá náà sì kún. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọgbọ́n tí à ń dá sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀: òjò ni à ń dúró dè. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wàá rí àwọn ìyá pẹ̀lú garawa lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú ń da ohun tí ìjọba ní kó má dà, àgbàrá á sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọn á ní òjò ló gbé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọlidé, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ máa ṣí páànù lórí ilé. Màmá wòkè, wọ́n ní, "Sìdí, wá bá mi yí àgbá yìí. Òjò yìí ò ní pẹ́ dé." A yí i, a dà á. Àwọn àgbà ní ká má tìtorí òjò tó ṣú da omi àmù nù, àmọ́ àwa kò rántí òwe lọ́jọ́ náà. Òjò kán tó, tó, ó sì dá. Atẹ́gùn gbé e lọ sápá Ìkòyí-Ilé, oòrùn sì yọ. Omi aró wá dúró nínú gọ́tà, ó ń dán, láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ìkóríta.

A ń sáré fa omi kànga láti fi ṣàn án nígbà tí mo gbọ́ ẹkún Ràṣídì, àbúrò mi, tí kò tíì tó ọmọ ilé-ìwé. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló bọ́ sínú gọ́tà, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ mú un. Nígbà tó rí omi aláwọ̀ mèremère, kò jáde mọ́, ó dúró síbẹ̀ ó ń ṣeré. Aró ti mu ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Màmá a máa sọ fún wa pé ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí wọ́n dà síwájú lọ́jọ́ yẹn, ọmọ wọn ló tẹ̀ ẹ́.

A kò tíì bu omi sí i lẹ́sẹ̀ tí aládùúgbò kan fi ké láti ìta pé, "Ìyá Sìdí, wolé-wolé ń bọ̀ o." Ó ń tẹ̀lé aró náà bọ̀ láti ìkóríta, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá gbé Ràṣídì wọ yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Wọ́n rò pé agbára sódà ti tán nínú omi náà, pé ìpayà lásán ló ń pa ọmọ lẹ́kún. "Mú un dání, má jẹ́ kó ké. Bí ọkùnrin yẹn bá fi rí ẹsẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn." Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ẹ̀rù ti bà mí rí, àmọ́ kò tó ti ọjọ́ yẹn. Mo fi ọwọ́ bo àbúrò mi lẹ́nu, omijé rẹ̀ ń ṣàn gbà mí lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ ohùn wọn níta.

"Ìyá Sìdí, ta ló da aró síbí?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀ o. Bóyá láti ilé òkè ló ti ṣàn wá."

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ bá bàbá wọn ní Ọ̀yọ́."

Wolé-wolé ní kò burú, òun á lọ wo ilé òkè ná. Mo ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Ràṣídì. Awọ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun, ó ń bó bí èèpo iṣu sísè. Kò ké mọ́, ojú rẹ̀ kàn ń yí ni. Ìgbà yẹn ló yé mi pé sódà ń jẹ ẹ́. Bí mo bá pariwo, wọ́n á mú màmá mi lọ. Bí n kò bá pariwo, àbúrò mi lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lè yan ọ̀kan. Mo kàn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá, Màmá."

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá wo ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí padà, wọ́n sì sáré jáde. Ọkùnrin náà ti dé iwájú ilé kejì.

"Ọ̀gá, ẹ dúró. Èmi ni mo dà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ọmọ mi."

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ìyá kan ti gbé epo pupa dé láti fi pa ẹsẹ̀ náà, wolé-wolé ní rárá, omi ni, omi púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa omi, màmá ń dà á sí ọmọ lẹ́sẹ̀, títí kakí ọrùn rẹ̀ fi rin gbìndìn. Lẹ́yìn náà ó gbé Ràṣídì ka orí kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn, màmá ń sáré tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà. Nígbà tí wọ́n dé ní ọ̀sán, ó mú bírò jáde, ó kọ ìwé kóòtù fún màmá mi. "Ẹ má bínú, Ìyá Sìdí. Àwọn ọmọ míì wà nísàlẹ̀ odò." Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Ìjọba fọ́ ìkòkò aró màmá bí wọ́n ṣe fọ́ ti ẹni ìṣáájú, màmá kò sì rẹ aṣọ mọ́ láyé wọn. Ọdún yẹn nira fún wa gan-an. Bàbá mi kùn títí, wọ́n ní ta ló rán an níṣẹ́ kó lọ pe wolé-wolé. Ẹsẹ̀ Ràṣídì san, àpá nìkan ló kù.

Mo ti dàgbà ju màmá mi ìgbà náà lọ báyìí, èmi náà sì ti bímọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé kò sí ohun tó bani lẹ́rù tó kí wolé-wolé máa bọ̀. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nísinsìnyí pé ọkùnrin yẹn ti ń lọ. Irọ́ màmá ti jẹ, kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ ọmọ, oúnjẹ wa ṣì wà nínú ìkòkò aró. Bó bá jẹ́ èmi ni, ṣé màá pè é padà? Màmá mi kò dúró rò ó. Èmi ṣì ń rò ó.