Ọmọ Mi, Olúwa Mi

Lónìí, ògbufọ̀ ni wọ́n fi sáàárín ìyá mi àti ọkùnrin tó máa ń jẹ ẹ̀bà nílé wa.

Ẹ rántí pé òun ni aṣòfin wa tó ń wá sí Akaka nígbà ìbò. Inú oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi gan-an ló dúró sí, tó ní kò sẹ́ni tó máa gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. "Ẹ má pè mí lọ́gàá o, ìyá. Ọmọ yín ni mí."

Ológun dé, wọ́n tú àwọn aṣòfin ká. Tiwa, tó jẹ́ lọ́yà tẹ́lẹ̀, di adájọ́.

Òun ló jókòó lórí ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn tí wọ́n ń bá ìyá mi ṣe ní Ṣàgámù láàárọ̀ yìí. Inú ìyá mi dùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ṣáà mọ ilẹ̀ yìí."

Kò wojú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, ògbufọ̀ wá yí i sí Yorùbá: "Adájọ́ ní àwọn ò mọ̀ yín rí. Ẹ ní láti máa pè wọ́n ní Olúwa mi."

Ìyá mi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré, ní, "Olúwa kan ṣoṣo ni mo mọ̀."

Ló bá sún ẹjọ́ síwájú, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá kọ́ọ̀tù sọ̀rọ̀.

A ti délé. Ìyá mi ò tíì jẹun. Ẹ bá mi dá ìbéèrè wọn lóhùn: "Nígbà tó pe ara rẹ̀ lọ́mọ, kò ṣeé rán níṣẹ́. Ó wá di Olúwa báyìí, ṣé àdúrà wa ló máa gbọ́?"