Oògùn Méjì ní Sàárì

Láti kékeré ni Màámi ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni Ọlọ́hun ń bọ́ nínú ààwẹ̀. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá gbàgbé pé òun ń gbààwẹ̀, tó wá jẹun, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ọlọ́hun ló fún un jẹ. Ojoojúmọ́ sì ni mo ń gbàgbé. Màá ti fi eyín ya píọ̀ wọ́tà, màá ti mu ún dé ìdajì kí n tó rántí. "Gbogbo Ifọ̀ ló ń gbààwẹ̀," Màámi á ní, "ìwọ nìkan ni Ọlọ́hun wá rí bọ́?"

Nígbà tí mo dàgbà tí mo di aránṣọ ní Mowe, ẹ̀rín tán níbẹ̀. Aṣọ tí mo gé tí mi ò rán kún inú ṣọ́ọ̀bù. Màá máa rán apá aṣọ ẹnì kan lọ́wọ́, ọkàn mi á ti fò lọ sídìí aṣọ ẹlòmíràn. Àwọn oníbàárà ní ọ̀lẹ ni mí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe bíi tèmi, ló mú mi lọ rí dókítà. Dókítà bi mí léèrè ọ̀rọ̀ títí, ó ní ADHD ni wọ́n ń pè é, pé ọkàn irú àwa yìí kì í dúró sójú kan, pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó wo ìfúnpá mi, ó gbé mi sórí ìwọ̀n, ó ní díẹ̀díẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀: ẹyọ kan láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹyọ kan lọ́sàn-án. "Ẹ má fi kún un, ẹ má yí i padà láì bi mí," ó ní. "Bí àyà yín bá ń lù jù, tàbí tí oúnjẹ ò bá wọlé mọ́, ẹ padà wá."

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ aṣọ kan, mo sì rán an parí kí n tó dìde. Ẹkún ni mo fi ṣe ìdúpẹ́.

Nígbà tí Ràmàdáánì dé, Màámi wá láti Ifọ̀ kí a jọ lò ó. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, dókítà tiwọn sì ti ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́. Wọ́n ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n. Wọn á dìde se sàárì fún mi, wọn á sì máa wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Oògùn ọ̀sán ló di ìṣòro. Mi ò lè gbé e mì lẹ́nu ààwẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọkàn mi tún máa fò kiri. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pe dókítà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé á ní kí n má gbààwẹ̀. Ni mo bá ń lo méjèèjì pọ̀ ní sàárì. Màámi bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe.

"Bákan náà ni, Màámi," mo ní. "Ikùn kan náà ló ń lọ."

Lọ́dún yẹn, mi ò gbàgbé. Ebi ò tiẹ̀ pa mí. Oògùn yẹn ti dí ọ̀nà oúnjẹ, débi pé tí wọ́n bá gbé ìṣínu síwájú mi, ṣe ni mo ń fi ṣíbí tú u ká. Àyà mi ń lù kìkìkì, mo ní àárẹ̀ ààwẹ̀ ni. Màámi ròyìn mi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àsàlátù, pé ọmọ àwọn ti ń gbààwẹ̀ bí ènìyàn. Ìyìn yẹn ń gún mi lára, nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe ààwẹ̀ tí kò ní ebi nínú. Síbẹ̀ mo gbà á, mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi bá mi jẹ sàárì. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ bá mi ṣe ẹgbẹ́ ni. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo bá wọn lórí ẹní, òógùn ti bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí.

"Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ń gbààwẹ̀."

"Oògùn yín ńkọ́?"

"Mo ti lo tàárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ ní sàárì, bíi tìẹ. Ikùn kan náà ló ń lọ."

Mo sáré po ṣúgà sómi, wọ́n pa ẹnu dé. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n ń sọ pé ààwẹ̀ àwọn, ààwẹ̀ àwọn. Ni mo bá gbé ife náà sẹ́nu ara mi, mo mu ún lójú wọn. "Mo ti ṣínu, Màámi. Ẹ jẹ́ ká jọ mu ún." Bóyá wọ́n rò pé oòrùn ti wọ̀ ni. Wọ́n la ẹnu.

Márúwá ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ibafo, wọ́n sì fa omi sí Màámi lára. Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀, nọ́ọ̀sì tí mo ti sọ oògùn tí wọ́n lò fún bi wọ́n léèrè.

"Màámi, ta ló ní kẹ́ ẹ lo oògùn méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ wá gbààwẹ̀ lé e?"

Màámi wò mí níbi tí mo dúró sí. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Mo gbàgbé pé mo ti lo tàkọ́kọ́ ni."

Àwáwí mi ni wọ́n yá, láti fi bo àṣírí mi. Láti kékeré ni mo ti ń sọ "mo gbàgbé", àwọn gan-an ló sì ń bá mi wí lórí rẹ̀.

"Wọn ò gbàgbé," mo ní. "Èmi ni wọ́n wò ṣe."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò bá mi jà. Ó so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní kí n pe dókítà mi lójú òun. Dókítà ní kí n má lo òmíràn títí òun yóò fi rí mi lọ́jọ́ kejì. Ó ní oríṣi kan wà tí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń lò ó, pé ká ní mo ti sọ kí ààwẹ̀ tó dé ni, à bá ti jọ wá ọ̀nà sí i.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, Màámi ní, "Kí ló dé tó o sọ fún un? Mo ti sọ fún wọn ní àsàlátù pé o ò gbàgbé nǹkan mọ́."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí n lọ wá nǹkan jẹ.