Ìyá àgbà mi bọ́ bàtà létí odò

Wọ́n tọ́jú ibi ìsọdá, wọ́n wá ní ká má sọdá. Ẹ gbà mí o!

Mo mú ìyá àgbà mi lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ etí odò nítòsí Ìbàfò láàárọ̀ yìí. Mo ka pátákó fún wọn: ibí yìí làwọn tó tẹ ìlú dó gbà sọdá. Omi ò kọjá kókósẹ̀. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n ká ìró sókè.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í sọdá níbí!"

"Ọmọ mi, àwọn tó sọdá lẹ kọ sára pátákó yẹn, àbí àwọn tó dúró wòran?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gba bàtà lọ́wọ́ wọn. "Ẹ rọra o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀."

Màmá dé òdì kejì, wọ́n yíjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́?"

Mo kàn ń wo bàtà funfun tuntun tí mo wọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa sọdá?