Bàbá Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Kúnbi

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Kúnbi Akínlabí yìí. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín lè dúró díẹ̀. Garki ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Karu ló ń gbé, òun àti bàbá rẹ̀, Hezekiah, ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láràárọ̀? Bí Kúnbi bá ti yọ sí yàrá bàbá rẹ̀ báyìí, bàbá á dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi."

Ìyá tó bí bàbá ló fi ń pe ọmọ rẹ̀, ìyá tí wọ́n ti sin sí Ìkìrun kí wọ́n tó bí Kúnbi rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kúnbi sáré fà á dìde. Àmọ́ ó rí i pé bí òun bá ti dáhùn bí ìyá, bàbá á jẹun, á lo oògùn, á jókòó ti aládùúgbò títí òun á fi ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní já sí títì Keffi. Ló bá ń dáhùn:

"Àjàní, dìde. Wá mu ẹ̀kọ."

Ọmọ ló ń pe bàbá ní oríkì bẹ́ẹ̀ o.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Diméjì, wá kí wọn láti Wuse, ó ká a mọ́ ọn.

"Kúnbi, ṣé orí ẹ pé? Bàbá wa wà nílẹ̀, o dúró gbọn-in bí ìyálóde."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ẹ fún un lóògùn, ká wò ó."

"Èèwọ̀ ni. Sọ òótọ́ fún un. Ó máa yé e."

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Kúnbi kúnlẹ̀ ti bàbá. "Bàbá, èmi Kúnbi ni. Ìyá yín ti kú tipẹ́."

"Ó kú? Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?"

Bàbá sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí Kúnbi tó bu omi dé, bàbá ti jáde, ó ní òun ń lọ sin ìyá òun. Ẹ̀bá títì Keffi ni wọ́n ti rí i, láìwọ bàtà, ó ń nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń sáré: "Ìkìrun, Ìkìrun." Oníkẹ̀kẹ́ Hausa kan ló dì í lápá mú, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. "Sànnu, Baba, sànnu."

Diméjì sùn ti wọn lálẹ́ yẹn.

"Kí wá la máa ṣe?"

"N ò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

Ilẹ̀ mọ́, bàbá ti gbàgbé ọ̀fọ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀. Kúnbi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

"Àjàní," ni Kúnbi wí, "dìde."

Bí ẹ bá mọ ohun mìíràn tó yẹ kó ṣe, Karu ò jìnnà. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, kí ẹ fojú ara yín wò ó.