Ìṣubú Tó Pa Ọ̀gá Lẹ́rìn-ín

Ẹnu ló kó bá obìnrin ayàwòrán yìí. Òun ló pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó wá wo fíìmù àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nípa bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ fífò, kó tó di pé ó ya ibi tí nǹkan ti bàjẹ́.

Mẹkáníìkì bàálù ni ẹ̀gbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un ni ẹ̀gbọ́n yọ̀ ṣubú láti orí apá bàálù lójú ẹ̀, tó ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ títí tó fi balẹ̀. Láti ìgbà náà, àga onítáyà ló di ẹsẹ̀ ẹ̀.

Nínú fíìmù, ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fò so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ apá, ó bẹ́ láti orí òrùlé. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn, tí ikùn ẹ̀ máa ń fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀ wọ ọ́fíìsì, yọ ṣùtì.

"Èyí ń ṣubú bí àpò sìmẹ́ǹtì! Ẹ̀rín dà?"

Ni ayàwòrán bá ya ìṣubú tí ojú ẹ̀ ti rí, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gan-an. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì mẹ́ta fi já láyà ẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì ọ̀hún fò jìnnà ju ọkùnrin náà lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n yọ ọ́."

"Tóo bá yọ ọ́, yọ ara ẹ mọ́ ọn!"

Ọjọ́ tí wọ́n máa wo fíìmù pé, ẹ̀gbọ́n dé. Oníyẹ̀ẹ́ bẹ́, ó ju apá, ó lulẹ̀ gbì! Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Bí mo ṣe ju apá nìyẹn. O ò tiẹ̀ gbàgbé imú mi, ìwọ ọmọ yìí." Ó nàka sí ojú fíìmù. "Àmọ́ ó dìde."

"Ta ni?"

"Ọkùnrin yẹn. Ó ṣubú, ó dìde, ó gbọn eruku ìdí ẹ̀, ó fẹsẹ̀ ẹ̀ rìn lọ."

Nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀, èèyàn lè já láti ọ̀run, á ṣáà dìde ni. Láìronú ni àbúrò ya ìdìde yẹn, bí ẹni ń fọ abọ́.

"Ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn," ẹ̀gbọ́n ní. "Kì í ṣe ìṣubú o. Èyí tó tẹ̀lé e."

Ọ̀gá rò pé ẹ̀rín ló ń wá, ó dá a padà tayọ̀tayọ̀. Ó tún dá a padà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń nàka: "Ẹ tún un ṣe." Àbúrò ẹ̀ ò lè wo ojú fíìmù mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló tẹjú mọ́.